Àwọn trustee kọ́ ló ni ìjọ

Sí Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Kì í pẹ́ kí ìròyìn ìjà inú ṣọ́ọ̀ṣì tó tún jáde: wọ́n ti pásítọ̀ mọ́ta, ọlọ́pàá dúró sẹ́nu géètì, apá kan ń jọ́sìn nínú ilé, apá kejì ta kánópì sójú títì. Ohun kan wà tí mo máa ń wá nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tí n kì í rí. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọ náà? Ta ló yàn wọ́n, ìpàdé wo ni wọ́n sì ti yàn wọ́n? Bí ẹ bá tú ìjà náà dé ìdí, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ló fà á. Ilẹ̀ ni, owó ni, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti buwọ́ lùwé ni.

Mo ti ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ fún ọ̀pọ̀ ọdún níbí ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ìjọ tó pọ̀ jù ló gbà pé àwọn trustee, ìyẹn àwọn tí orúkọ wọn wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti di dúkìá ìjọ mú, ló ni ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé àwọn trustee mìíràn náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí onílé. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìjọ tí kò bá forúkọ sílẹ̀, bó ti wù kí èrò rẹ̀ pọ̀ tó, kì í ṣe ẹnikẹ́ni lójú òfin. Kò lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kò sì lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Láti ayé ìjọba àwọn òyìnbó ni wọ́n ti fi òfin wá ojútùú sí èyí, abẹ́ òfin ìgbà náà sì ni Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi (CAC) ti forúkọ sílẹ̀ ní 1943. Lónìí, Apá F nínú òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ni gbogbo wa ń lò. Àjọ ìjọba tó ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ náà ń jẹ́ CAC. Kì í ṣe CAC tí àwọn bàbá wa ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ o. Ó ti da àwọn màmá kan láàmú nínú ìpàdé wa rí.

Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá parí, àwọn trustee lápapọ̀ ni òfin sọ di ẹnì kan ṣoṣo tó lè ní dúkìá, tó lè pẹjọ́, tí wọ́n sì lè pè lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìjọ fi máa ń gùn ní kóòtù: Registered Trustees ti báyìí-báyìí. Nígbà tí Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó jẹ olórí lẹ́yìn Bàbá Oshoffa, tó papò dà ní 1985, dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, tí ìdájọ́ sì jáde ní 2000, orúkọ àwọn trustee ìjọ náà ló wà nínú ìwé ẹjọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí òfin dá yìí kì í kú. Bí trustee kan bá kú, wọ́n á yan òmíràn, ilẹ̀ á ṣì wà níbi tó wà. Kì í di ogún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni mo ti rí omijé jù.

Ìjọ kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó ara wọn jọ, wọn ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Wọ́n dá owó, wọ́n lọ bá ọmọ onílẹ̀, wọ́n ra púlọ́ọ̀tì méjì. Ọmọ onílẹ̀ béèrè orúkọ tóun máa kọ sórí rìsíìtì. Gbogbo wọn wo ojú ara wọn, wọ́n ní kí ó kọ orúkọ Bàbá Ìjọ, torí òun ni àgbà, òun ló lọ́wọ́ jù, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́. Sàfíyọ̀ dé, orúkọ kan náà ló kọ. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kan òrùlé, wọ́n fi táìlì sí i. Bàbá kú, ìjọ sì sin ín bí ọba. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ọmọ ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n bá rìsíìtì àti ìwé sàfíyọ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn ló ra ilẹ̀, pé ó kàn yá ìjọ lò ni.

Mi ò pe àwọn ọmọ yẹn lólè. Ìwé tí wọ́n rí ni wọ́n kà. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe dá owó náà ti kú tàbí kí wọ́n ti darúgbó, ìwé owó ìgbà yẹn sì ti di ẹran ikán. Ìjọ tún owó san, iye tí wọ́n fi ra ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì sì ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà lẹ́yìn ọgbà wọn náà san nínú ẹ̀, òun tó dá owó ti àkọ́kọ́.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ò ṣòroó sọ, owó ẹ̀ ló ń bani lẹ́rù. Kí wọ́n forúkọ ìjọ sílẹ̀, kí bàbá tó wà láàyè fi ìwé gbé ilẹ̀ náà lé àwọn trustee lọ́wọ́, kí wọ́n sì gba ìfọwọ́sí gómìnà gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti 1978 ti là á kalẹ̀. Owó lọ́yà wà níbẹ̀, owó ìjọba wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ á forúkọ sílẹ̀ tán, wọ́n á fi sátífíkéètì kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, wọ́n á gbàgbé ilẹ̀ sórúkọ ẹni tó wà tẹ́lẹ̀. Bàbá lè máa rí sátífíkéètì lójoojúmọ́, kí rìsíìtì sì wà nílé wọn síbẹ̀.

Àwọn tó sì ti ṣe gbogbo èyí náà, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìgbà wo ni wọ́n fi orúkọ àwọn trustee ránṣẹ́ kẹ́yìn. Lọ́dọọdún, láàárín ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kejìlá, òfin ní kí ìjọ kọ̀wé sí àjọ CAC: orúkọ àwọn trustee, àdírẹ́sì wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ilẹ̀ tí ìjọ ní, àti àtúnṣe tó bá wọ inú ìwé òfin ìjọ. Ọ̀pọ̀ ni kì í kọ ọ́. Ọjọ́ tí báńkì bá béèrè, tàbí tí ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ ọ̀nà tó sì fẹ́ san owó gbà-má-bínú, ni wọ́n á tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àwọn tó pọ̀ jù nínú orúkọ tó wà lójú ìwé ti wà ní itẹ́. Òkú kì í buwọ́ lùwé.

Ta wá ní àṣẹ lórí àwọn tó wà láàyè? Òfin gbà kí ìjọ yan ìgbìmọ̀ ìṣàkóso tí àwọn trustee yóò wà nínú rẹ̀, kó sì gbé iṣẹ́ ojoojúmọ́ lé e lọ́wọ́. Agbára tí trustee ní, abẹ́ àṣẹ ìjọ tàbí ti ìgbìmọ̀ yìí ló ti ń lò ó. Ẹni tó di dúkìá mú kọ́ ló ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ọmọdé ò lè ṣe trustee, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tórí rẹ̀ ò pé, ẹni tó jẹ gbèsè títí kóòtù fi kéde rẹ̀ tí kò tíì bọ́, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún 5 ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn án. Wọn ò gbọ́dọ̀ pín owó ìjọ bí èrè. Ọmọ ìgbìmọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ gba ipò tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, àfi ẹni tí ipò rẹ̀ ló gbé e débẹ̀, bíi pásítọ̀. Alàgbà tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ tó tún sọ ara rẹ̀ di mánéjà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, tó ń gbowó lóṣooṣù, kí ó yan ọ̀kan.

Kì í ṣe gbogbo ìjọ àdúgbò ló ní trustee tirẹ̀, ibí sì ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ìgbìmọ̀ ìjọ tí fíkà ń darí, pẹ̀lú àwọn wọ́dìn àti akápò, ló ń bójú tó iṣẹ́ níbẹ̀. Ti trustee wà lókè. Àwọn Onítẹ̀bọmi ní tiwọn, ìpàdé ìjọ ló lágbára, ọmọ ìjọ á dìde, á béèrè, wọ́n á dìbò. Ní àwọn ìjọ tí ẹnì kan dá sílẹ̀, olùdásílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àkọ́bí wọn lẹ máa ń bá nínú ìwé. Òfin ò ka ìyẹn léèwọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ìjọ tó ń dá owó ilé lọ́dọọdún mọ̀ pé àwọn mẹ́ta tó ń jẹun lórí tábìlì kan náà ló di gbogbo ẹ̀ mú.

Ẹ ó rántí ariwo ọdún 2020, nígbà tí òfin tuntun náà jáde. Abala 839 ló dá a sílẹ̀: ó ní bí ìwà àìtọ́ tàbí ìṣòwò-ná-kúnà bá wà, wọ́n lè dá àwọn trustee dúró, kí ẹlòmíràn máa bójú tó ìjọ fúngbà díẹ̀. CAN, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, kọ̀ jálẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Oyedepo sọ̀rọ̀ sókè, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kan jókòó sí Àbújá kó máa yan alábòójútó fún ìjọ. Àmọ́ nínú abala kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ìjọ lè kó ẹ̀rí jọ, kí àwọn fúnra wọn lọ bá adájọ́. Mi ò gbọ́ kí pásítọ̀ kankan ka ìyẹn lórí pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù kìíní 2017, nígbà tí Bàbá Adeboye kéde ẹlòmíràn ṣe alábòójútó ìjọ Ìràpadà (Redeemed) fún Nàìjíríà nìkan nítorí ìlànà Financial Reporting Council, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìwé owó, tó fi ọdún 20 dí sáà àwọn olórí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba yọ ọ̀gá àjọ náà, wọ́n sì dá ìlànà ọ̀hún dúró. Orí ta ni yóò ṣe olórí ni gbogbo ìlú ń jà lé. Ọ̀rọ̀ ìwé owó, tó wà nínú ìlànà kan náà, kò rẹ́ni bèèrè ẹ̀.

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ gan-an ò ní ariwo. Lẹ́yìn ìsìn, ẹni mẹ́ta á jókòó ka ọrẹ, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á buwọ́ lù ú kí wọ́n tó dìde. Owó á dé báńkì lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ẹnì kan tó lè dá gba owó jáde. Ẹ̀rọ amúnáwá bà jẹ́, kí wọ́n gba iye owó lọ́wọ́ rípàrà méjì, kí ó má jẹ́ ẹ̀gbọ́n alága ni yóò máa ṣe é lọ́jọ́ gbogbo. Lẹ́yìn ìkórè, kí wọ́n ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí ìjọ, kì í ṣe iye tó wọlé nìkan pẹ̀lú orin ọpẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe èyí, a kì í sábà gbọ́ orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn yín.

Ẹ̀yin náà wá, olóòtú wa. Nígbà tí ìjọ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ tàbí tó fẹ́ pààrọ̀ trustee, ó gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, wọ́n á sì fún ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé sí àjọ CAC. Gbogbo wa la mọ ibi tí ìkéde yẹn máa ń wà: ẹ̀yìn ìwé, lẹ́tà wẹ́wẹ́, èdè òyìnbó, láàárín àwọn tó ń yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ọjọ́ 28 á pé, ọmọ ìjọ tí ọ̀rọ̀ kàn ò ní mọ̀.

Ẹ bá wa yọ̀ǹda ojú ewé kan lọ́sẹ̀ fún irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá: orúkọ ìjọ, àdúgbò tó wà, orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn, ọjọ́ tí àkókò àtakò yóò dópin. Ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ tó ń ka lẹ́tà yìí náà, bí ẹ bá ti fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn, ẹ kà á lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e nígbà ìfilọ̀, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà títí ọjọ́ náà yóò fi pé.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ kan,
Ìbàdàn.