Kí o tó gbé àkọsílẹ̀ yẹn jáde

Àjọkẹ́ mi,

Mo ti ka ohun tí o kọ nípa ìdájọ́ kóòtù, tí o fẹ́ gbé sójú òpó rẹ lórí ayélujára. Ìwọ lo ni èrò rẹ, mi ò ní ní kí o gbé e mì. Ṣùgbọ́n mú bírò pupa, kí o fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yòówù tó bá dárúkọ èèyàn. Èrò ni, àbí ẹ̀sùn? "Ìdájọ́ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn", èrò nìyẹn. "Adájọ́ yìí gba rìbá", ẹ̀sùn ni. Bí o kò bá ní ìwé tí o lè tẹ́ síwájú kóòtù, yọ ọ́. Má sá pamọ́ sábẹ́ "a gbọ́ pé". Lójú òfin, ẹni tó tún ẹ̀sùn sọ náà ti sọ ọ́.

Lóòótọ́, abala 39 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ìwọ ṣáà wo ti Dele Farotimi, lọ́yà àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Ní oṣù December 2024, Èkó ni ọlọ́pàá ti mú un nítorí ìwé tó kọ, ó di Adó-Èkìtì, níbi tí Olóyè Afe Babalola, àgbà lọ́yà, ti fẹjọ́ sùn pé ìwé náà ba òun lórúkọ jẹ́. Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi wà látìmọ́lé. Ní January 2025, àwọn ọba bẹ̀bẹ̀ kí Olóyè tó jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Àwọn èèyàn ń du ìwé ọ̀hún rà ní gbogbo ìgbà yẹn o, àmọ́ má jẹ́ kí ìyẹn wù ọ́.

Kọ nọ́ńbà lọ́yà sínú ìwé, torí bí ọlọ́pàá bá mú èèyàn, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbà. Ẹ̀dà ẹ̀rí rẹ kò gbọdọ̀ wà lójú kan ṣoṣo.

Bí ariwo bá ta, má fèsì lọ́jọ́ náà. Èsì ìbínú ni wọ́n máa ń gbé kiri, wọn kì í gbé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, tọ́ka sí gbólóhùn yẹn gan-an, tún un ṣe ní gbangba, kí o fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tó bá halẹ̀ mọ́ ọ, ya fọ́tò ọ̀rọ̀ rẹ̀ tòun ti orúkọ àti déètì kí o tó dí i pa.

Kì í ṣe orí òǹkọ̀wé nìkan ni wàhálà ìwé máa ń dá lé. Òǹkọ̀wé Salman Rushdie ni Khomeini, olórí Iran, pàṣẹ ikú lé lórí ní 1989 nítorí ìwé rẹ̀, The Satanic Verses. Hitoshi Igarashi, tó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Japan, ni wọ́n gún pa ní 1991. Nítorí náà, yọ fọ́tò àwọn àbúrò rẹ àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn kúrò lójú òpó rẹ lónìí.

Fi èyí tí o fàlà sí ránṣẹ́ kó tó di Sátidé, ká jọ wò ó.

Ìyá rẹ