Ka Lẹ́tà Inú Àpótí Ná

Ṣómólú,
Ọjọ́ Àìkú.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà la wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá rẹ ti ń san, ó ti padà sọ́jà. Ohùn rẹ lórí fóònù lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní o ò ní fọwọ́ kan Scrabble, eré fífi ègé lẹ́tà to ọ̀rọ̀ lórí pátákó, mọ́ láyé, pé ìdíje yẹn ti dójú tì ọ́. Mo jẹ́ kí o sunkún tán, n ò sọ̀rọ̀. Ohun tí ǹ bá sọ ni mo jókòó kọ yìí.

Ìwọ fúnra rẹ lo ròyìn rẹ̀ fún mi. I, N àti G wà lára lẹ́tà méje ọwọ́ rẹ, o wá dì wọ́n mú pinpin, ò ń retí kí mẹ́rin tó kù bá wọn mu, kí o lè da méjèèje sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fi 50 pọ́ìntì lé e fún ọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló yí kàn ọ́, ọ̀rọ̀ tí kò níye lórí lò ń jù sílẹ̀ ṣáá. Nígbà tí eré parí, Q ṣì jókòó síwájú rẹ, wọ́n sì yọ 10 tí Q jẹ́ kúrò nínú pọ́ìntì tí o ní. Àdùkẹ́, ṣebí QI wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò? Lẹ́tà méjì péré! I náà wà lọ́wọ́ rẹ, o ń tọ́jú rẹ̀ de àlejò tí kò wá.

Kí wọ́n tó bí ọ, kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, lẹ́tà òjé ni mo ń tò nílé ìtẹ̀wé. Àpótí onígi ló wà níwájú wa, wọ́n pín in sí ojúlé ojúlé, A ní tirẹ̀, B ní tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń ṣà wọ́n, òdì-òdì là ń tò wọ́n kí wọ́n lè jáde dáadáa lórí bébà. Iṣẹ́ gẹ̀ẹ́sì kì í yọ wá lẹ́nu. Tí ti Yorùbá bá dé ni wàhálà dé, torí Ẹ àti Ọ kì í pọ̀ nínú àpótí, bẹ́ẹ̀ a kì í kọ ìlà kan tán kí wọ́n má sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń to káàdì ìgbéyàwó, n ò yẹ àpótí wò, Ọ bá tán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ta ni yóò mọ̀, mo fi O dí i. Bàbá ọkọ ìyàwó gbé káàdì, ó kà á sókè: "Oko ìyàwó." Ó bi mí pé éékà mélòó ni oko náà, kí ni wọ́n sì gbìn síbẹ̀. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni n ò rín. Mo lọ yá Ọ nílé ìtẹ̀wé kejì, owó àpò mi ni mo sì fi tún káàdì 200 tẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì kọ́kọ́ ka lẹ́tà inú àpótí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o máa ṣe náà nìyẹn. Tí lẹ́tà méje bá dọ́wọ́ rẹ, má tíì wá ọ̀rọ̀ kankan. Kó fáwẹ́lì sápá kan, kó kọ́ńsónáǹtì sápá kejì, wo èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni kí o máa yí wọn. Ẹni tó kó A, E, I, N, R, S, T tó sì rí RETAINS, tó wá dúró síbẹ̀, kò tíì rí RETINAS, kò rí NASTIER, kò rí STAINER. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn nìkan ni pátákó máa gbà. S kò ju mẹ́rin lọ nínú 100 ègé tí ẹ fi ń ṣeré, má máa fi tọrẹ.

Ṣé o mọ Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ní Perth, ní Australia, lọ́dún 2015? Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Eré mẹ́rin léra wọn ló fi na Lewis Mackay ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. FELTY wà lára ọ̀rọ̀ tó tò nínú àṣekágbá yẹn, lẹ́tà márùn-ún, ó sì fún un ní 36 pọ́ìntì. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi dandan lépa ọ̀rọ̀ gígùn. Tí kúkurú bá máa ṣẹ́ lẹ́tà gidi kù sí wọn lọ́wọ́, kúkurú ni wọ́n ń tò.

(Tí wọ́n bá ṣe Scrabble ní Yorùbá, GB á wà lórí ègé kan ṣoṣo, kò sì ní sí Q tí yóò jókòó síwájú ọmọ ẹnikẹ́ni.)

Wàá rí bébà kan tí mo dì sáàárín gàrí tí a fi ránṣẹ́. Lẹ́tà òjé mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Ẹ, Ọ, B, R. Mo tọ́jú wọn láti ilé ìtẹ̀wé yẹn. Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni kí o fi máa ṣe ọ̀rọ̀. Bá mi fi fáwẹ́lì kan ṣíwájú, torí òun ni orúkọ nǹkan sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ lédè wa, kí kọ́ńsónáǹtì wà láàárín. Tí o bá rí ọ̀kan, má tíì kúrò lórí rẹ̀, gbé ohùn rẹ̀ sókè, gbé e sódò: ọ̀bẹ tí màmá rẹ fi ń gé ẹran, ọbẹ̀ tó fi ẹran náà sè. Màmá rẹ rí mẹ́fà kí n tó mu tíì mi tán. Ó ní òun rí ìkeje, mo ní irọ́ ni, a ò tíì parí ìjà náà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kọ tìrẹ ránṣẹ́, kí n mọ ẹni tí o máa gbè lẹ́yìn.

Èmi ni bàbá rẹ.