Lẹ́tà sí Rẹ̀mí: pẹ́pẹ́yẹ òkun tí kì í jẹun

Tromsø, Nọ́wè

Rẹ̀mí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? O ní ààwẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ti fọ gbogbo májèlé ara yín dànù. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ dá ọ lóhùn, torí ẹyẹ kan wà níbí tí kò kúrò lọ́kàn mi.

Pẹ́pẹ́yẹ òkun ni, eider lorúkọ rẹ̀. Ní Kongsfjorden, ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè ní ìhà àríwá pátápátá, níbi tí igi ńlá kan kì í hù, ni wọ́n ti ń yé ẹyin nígbà ooru. Akọ kì í bá wọn sàba. Bí abo bá ti yé ẹyin mẹ́rin tàbí márùn-ún, á jókòó lé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 25, kò sì ní jẹun. Bó bá tilẹ̀ dìde lọ bu omi mu, kíá ló ń padà, torí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń ṣọ́ ẹyin yẹn. Ọ̀rá tó ti kó sára tẹ́lẹ̀ ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ lè lọ, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀.

Mo bá àwọn olùwádìí lọ síbẹ̀. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n so okùn pańpẹ́ mọ́ lórí ni wọ́n fi mú un lórí ìtẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n fi ìyẹ́ inú ìtẹ́ bo ẹyin kí òtútù má bàa pa á. Rẹ̀mí, ìyẹ́ náà gbóná lọ́wọ́ mi. Láti àyà ara rẹ̀ ló ti wá. Mo fọwọ́ kan àyà ọ̀hún, eegun ti yọ síta.

Inú ọ̀rá ni àwọn kẹ́míkà bíi PCB àti DDT, oògùn apakòkòrò, ń fara pa mọ́ sí. PCB yìí ni wọ́n ń lò nínú òróró tiransifọ́mà láyé àtijọ́. Ọdún 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà, Amẹ́ríkà fòfin dè é ní 1979, àdéhùn Stockholm ti 2001 sì mú un mọ́ àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ṣùgbọ́n kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ àti ìṣàn òkun ń gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ tí kò rí tiransifọ́mà rí. Ìyẹn dùn mí púpọ̀.

Tí ebi bá wá ń yọ́ ọ̀rá, kẹ́míkà ò bá a lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ sí, láti ibẹ̀ ó ń dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Wọ́n máa ń mú ẹyẹ kan náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sàba, wọ́n á tún mú un nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹyin pa. Kẹ́míkà inú ẹ̀jẹ̀ ìkẹyìn máa ń pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ kò sì jẹ nǹkan kan láàárín. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò kọ ọjọ́ ìsàba sí lára.

Ti eider ṣì dára, torí àwọn nǹkan kéékèèké abìkarahun ló ń jẹ. Ẹyẹ glaucous gull tó ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ mìíràn ló ń rí i he. Ní Bjørnøya, erékùṣù kan ní gúúsù Svalbard, wọ́n ti rí òkú wọn tó rù hangogo, tí PCB kún ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ wọn.

Àwa èèyàn náà, tí a bá rù, PCB inú ẹ̀jẹ̀ wa máa ń lọ sókè. Mi ò ní kí o má gbààwẹ̀, ìwọ àti Ọlọ́run rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má sọ fún àwọn ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ṣọ́ọ̀ṣì yín pé ààwẹ̀ ń fọ kẹ́míkà nù, torí kẹ́míkà náà ń gba inú wàrà kọjá sára ọmọ. Eider pàápàá ń kó díẹ̀ sínú ẹyin rẹ̀.

Bí ẹyin bá ti pa, ìyá á kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ lọ sínú òkun, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ọ̀rá á padà, kẹ́míkà á tún wọnú rẹ̀ títí di ìgbà ìsàba mìíràn.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ. Mò ń retí èsì rẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bísí