Augustus Kò Dé Adé

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ń fi ojú ewé yín sílẹ̀ fún ìtàn ayé àtijọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ìwé ìròyìn Yorùbá ni ó gbà pé òǹkàwé rẹ̀ lè fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Róòmù ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde lórí Augustus, ẹni tí ó di olórí Róòmù lẹ́yìn tí wọ́n pa Julius Caesar, ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe iṣẹ́ gidi, àwọn ọdún tí ó dárúkọ pé, Yorùbá rẹ̀ sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n láti ìlà àkọ́kọ́ ni ó ti pe Augustus ní ọba, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń pè é títí àròkọ náà fi parí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún mi láyè, nítorí ìdí rẹ̀ gùn díẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwa ọmọ Yorùbá mẹ́rìnlá dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. A máa ń pàdé ní Sátidé tí ó bá gbẹ̀yìn oṣù láti ka ìtàn Róòmù àtijọ́, kí a sì jiyàn lé e lórí ní èdè Yorùbá. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan nínú wa: awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, díákónì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. Kíka ìtàn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ nira fún wa. Sísọ ọ́ ní Yorùbá ni ó ń dá ìjà sílẹ̀, èyí tí ó sì le jù nínú ìjà náà ni ohun tí ó yẹ kí a máa pe Augustus. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò tán, a fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni tí ó bá pè é ní ọba yóò ju àádọ́ta pẹ́nsì sínú agolo mílíìkì kan tí ó wà lórí tábìlì. Èmi tí mo mú àbá náà wá ni mo ti san owó jù, bísíkíìtì kò sì wọ́n wa ní ìpàdé mọ́.

Ọba ti jẹ rí ní Róòmù. Ìtàn tí àwọn ará ìlú náà ń sọ fún ọmọ wọn ni pé Romulus ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 753 kí a tó bí Jésù, àti pé ọba méje ni ó jẹ níbẹ̀, láti orí Romulus dé orí Tarquinius tí wọ́n sọ ní Agbéraga. Ọmọ Tarquinius yìí ni ó fi ipá bá Lucretia, aya ìbátan rẹ̀, lò pọ̀. Lucretia ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀, ó ro ẹjọ́ náà fún wọn, ó sì fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀ pa lójú wọn. Ní ọdún 509 ni wọ́n lé ọba náà àti ìdílé rẹ̀ kúrò nílùú. Àwọn onímọ̀ òde òní kò gba gbogbo ìtàn yìí gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù gbà á gbọ́, ìyẹn ni ó kàn wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yan olórí ìlú méjì, tí wọ́n ń pè ní kọ́ńsúlù, lọ́dọọdún, kí ọ̀kan lè máa ṣọ́ èkejì lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, láti ìgbà náà náà sì ni rex, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọba, ti di ẹ̀sùn tí wọ́n lè torí rẹ̀ pa ènìyàn.

N kò sọ àsọdùn. Ní ọdún 133 kí a tó bí Jésù, Tiberius Gracchus, ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n pín ilẹ̀ ìjọba fún àwọn tálákà, wà láàrin èrò lórí òkè Capitol, ariwo sì pọ̀ débi pé àwọn tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Plutarch, tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, sọ pé ó fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè mọ̀ pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ rí ọwọ́ yẹn, wọ́n sáré lọ bá Sẹ́nétì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú, wọ́n ní Tiberius ti ń béèrè adé. Àwọn àgbààgbà fúnra wọn ni wọ́n ki ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mọ́lẹ̀, tí wọ́n lu Tiberius pa, òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, wọ́n sì da òkú wọn sínú odò Tiber. Ọwọ́ tí ó kan orí lásán ni o.

Ọ̀rọ̀ Julius Caesar, ọ̀gágun tí ó gba gbogbo agbára Róòmù sọ́wọ́, kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín, nítorí náà n kò ní fi falẹ̀. Nígbà tí àwọn kan nínú èrò kí i ní rex, ó dá wọn lóhùn pé òun kì í ṣe Rex, Caesar ni òun. Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, nítorí ẹbí kan wà ní Róòmù tí wọ́n ń jẹ́ Rex. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 44, níbi ọdún Lupercalia, Mark Antony, tí wọ́n jọ jẹ́ kọ́ńsúlù, na ọ̀já funfun sí i, irú èyí tí àwọn ọba ìlà-oòrùn ń wé mọ́rí gẹ́gẹ́ bí adé. Àwọn díẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Caesar kọ̀ ọ́, gbogbo èrò hó yèè, ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé òrìṣà Jupiter. Kíkọ̀ náà kò gbà á sílẹ̀: nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ojú ọgbẹ́ 23 ti wà lára rẹ̀, ó ti kú.

Ọmọ ọdún 18 ni Augustus nígbà náà, Caesar sì ti fi í ṣe ọmọ nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Ohun tí ó kọ́ nínú ikú yẹn ni gbogbo ìjọba rẹ̀ dúró lé. Suetonius, òǹkọ̀wé Róòmù kan, sọ pé nígbà tí àwọn ará ìlú ń yọ ọ́ lẹ́nu pé àfi kí ó gba oyè apàṣẹwàá, ó kúnlẹ̀, ó fa aṣọ kúrò léjìká, ó ṣí àyà sílẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fi oyè náà kan òun. Ní ọdún 27 kí a tó bí Jésù ni Sẹ́nétì fún un ní orúkọ náà Augustus, tí a lè pè ní Ẹni-Àpọ́nlé. Nínú ìwé tí ó fi ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ilé òrìṣà kan ní Ankara ní ilẹ̀ Túrkì, tí ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó ní òun ju gbogbo ènìyàn lọ ní ọlá, ṣùgbọ́n agbára òun kò ju ti àwọn tí wọ́n jọ di ipò mú lọ. Lójú tèmi, irọ́ ni, irọ́ tí wọ́n fi òótọ́ kùn lẹ́yìn: ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ ogun wà, ẹni tí ó bá sì wù ú ni ó ń rán lọ ṣàkóso Íjíbítì. Síbẹ̀, irọ́ náà ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó kọ̀ kí wọ́n pe òun ní ọba ni ó fi ohun tí ó lé ní ogójì ọdún jẹ oúnjẹ ọba, tí ó sì kú sórí ibùsùn rẹ̀ ní Nola ní ọdún 14 lẹ́yìn ìbí Jésù.

Níbi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyí ní ìpàdé kan tí Màmá nọ́ọ̀sì wa fi bínú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹni tí ó ń pàṣẹ bí ọba, tí ó ń pa bí ọba, tí ọmọ tí ó gbà tọ́ sì jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ máa pè é?" Mo dá wọn lóhùn pé, "Màmá, ọmọ Ìbàdàn ni yín. Láti ọdún 1871 títí di 1885 tí Látoòsà fi wà lórí Ìbàdàn, ta ni ọba tí ó lè kò ó lójú? Ṣé ẹnikẹ́ni pè é ní ọba ni, àbí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá àádọ́ta pẹ́nsì nínú àpamọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ sínú agolo. Baálẹ̀ ni olórí Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ títí di ọdún 1936 tí ó di Olúbàdàn, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí ó ń pe baálẹ̀ ní ọba kí olóhun má bi í léèrè. Imperator, oyè tí Augustus fẹ́ràn láti fi ṣáájú orúkọ rẹ̀, ohun tí àwọn ọmọ ogun ń kígbe pe ọ̀gágun wọn tí ó ṣẹ́gun ni. Kakaǹfò ni ó sún mọ́ jù, kì í ṣe ọba.

Níbi àkójọ ohun àtijọ́ ní British Museum ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé gbogbo wa. Orí Augustus kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí wọ́n wú jáde ní Meroë, ní ilẹ̀ Sudan, ní ọdún 1910. Àwọn ará Kush, ìjọba tí ó wà ní gúúsù Íjíbítì, ni wọ́n kó o nígbà tí wọ́n ya wọ Íjíbítì, wọ́n sì rì í mọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn ilé òrìṣà kan, kí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá ń wọlé lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Obìnrin ni ó ń jọba Kush nígbà náà gẹ́gẹ́ bí Strabo, òǹkọ̀wé Gíríìkì ìgbà náà, ti wí, ojú rẹ̀ kan sì ti fọ́. Gíláàsì àti òkúta ni wọ́n fi ṣe ẹyinjú Augustus yìí, ojú náà sì ń wò kọjá ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀, bí ẹni tí ó ń retí àlejò mìíràn. Irun rẹ̀ kéékèèké wà níwájú orí. Ohun tí ó wà lórí náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé kan náà ni orí idẹ Ifẹ̀ wà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, tòun ti adé onílẹ̀kẹ̀ lórí rẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ tí ó nà sókè níwájú adé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa wo ti Ifẹ̀, ó padà lọ wo ti Róòmù, ó ní, "Ẹ̀yí ò dé nǹkan kan."

Bí a bá pè é ní ọba, kì í ṣe àṣìpè lásán ni. Ohun tí ìtàn náà dá lé lórí ni a gbé pa mọ́ fún òǹkàwé. Kò ní lè mọ ìdí tí wọ́n fi pa Caesar, kò sì ní mọ ìdí tí ẹni tí ó ní gbogbo agbára fi ń kúnlẹ̀ bẹ ará ìlú. Yóò máa wá ìdílé ọlọ́ba àti àwọn afọbajẹ, kò sì ní rí wọn, nítorí pé Róòmù kò ní òfin kankan tí ó sọ ẹni tí àyè náà tọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi lè pa Pertinax, ẹni tí ó ń ṣàkóso Róòmù, ní oṣù Kẹta ọdún 193, lẹ́yìn ọjọ́ 87 tí ó dé ipò, tí wọ́n sì lu ìjọba ní gbàǹjo. Bàbá ìyàwó Pertinax wà nínú àgọ́ wọn, ó ń dá iye. Didius Julianus, ọmọ Sẹ́nétì olówó kan, dúró níta lẹ́bàá ògiri, òun náà ń dá iye, títí tí Julianus fi ṣèlérí sesterce (owó Róòmù) 25,000 fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Cassius Dio tí ó ròyìn rẹ̀ wà ní Róòmù nígbà náà, ọmọ Sẹ́nétì ni. Ọjọ́ 66 péré ni ohun tí Julianus rà fi bá a kalẹ́ kí wọ́n tó pa á. Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní owó kò ṣàìwọ ọ̀rọ̀ oyè nílé náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń náwó lé oyè nílé, ìdílé ọlọ́ba ni ó gbọ́dọ̀ ti wá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ iye tí ó fẹ́ ná.

Kí ni kí a wá máa pè wọ́n? Ẹnìkan nínú wa dábàá "ọbalúayé", Màmá sì ní kí ó dákẹ́, pé àwọn kì í pe orúkọ yẹn ní ọ̀sán gangan. (Ẹni tí ó dá àbá náà kò jìnnà sí òótọ́ tán: láti ọdún 165, nígbà Marcus Aurelius, àjàkálẹ̀ àrùn kan pa ènìyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹni, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì rò pé ilẹ̀gbóná ni.) Díákónì wa ni ó mú èyí tí a gbà wá. Wọ́n ní Bíbélì Yorùbá ti ń pe Augustus ní Késárì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, gbogbo ọmọ Yorùbá, Mùsùlùmí inú wa pàápàá, ni ó sì gbọ́ ọ rí. Orúkọ ẹbí ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Nero kú ní ọdún 68 tí ẹbí náà sì tán, àwọn tí kò bá wọn tan rárá mú un, ó di oyè. Òótọ́ ni pé Bíbélì kan náà sọ pé àwọn olórí àlùfáà wí fún Pílátù pé àwọn kò ní ọba mìíràn àyàfi Késárì. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ìyẹn, àwọn tí ń sọ Gíríìkì ní ìlà-oòrùn kò sì bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ọba. Ní Róòmù gan-an, ẹni tí ó bá sọ ọ́ yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Bí ẹ bá kọ nípa Diocletian, ẹni tí ó dé ipò ní ọdún 284, tí àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí wọ́n sì ń fi ẹnu ko etí aṣọ àlùkò rẹ̀, n kò ní bá yín jà bí ẹ bá pè é ní ọba. Nígbà yẹn, ìbẹ̀rù àtijọ́ ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣèlérí pé Tiberius tí ó rọ́pò Augustus ni ó kàn, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa fi Késárì sí i. Bí iṣẹ́ bá sì gbé ẹni tí ó kọ àròkọ náà wá sí Lọ́ńdọ̀nù, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní ìpàdé wa. Kí ó ṣáà mú owó ṣẹ́ńjì dání, nítorí mo ti ka iye ìgbà tí ó pe Augustus ní ọba: ọ̀nà mẹ́tàdínlógún ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.