Bí O Bá Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wo Ère Harriet Tubman

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ o. Mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n yàn láti kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín lọ wo ère Harriet Tubman, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà tó sì padà lọ kó àwọn ẹrú mìíràn jáde, ní Harlem, ní New York, ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹta, àyájọ́ ọjọ́ tó kú ní 1913. Inú mi dùn gan-an. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ sí: má bu kún ìtàn obìnrin yìí. Èyí tó ṣe tó, ó pọ̀ tó.

Igun mẹ́ta láàárín títì ni ère náà wà, níbi tí 122nd Street, St. Nicholas Avenue àti Frederick Douglass Boulevard ti pàdé. Mọ́tò kì í dá níbẹ̀, nítorí náà má kó ju ọmọ 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí àgbàlagbà mẹ́ta sì wà pẹ̀lú yín. Jẹ́ kí wọ́n yí ọ ká kí o tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tò gbọọrọ, ariwo ọkọ̀ á gbé ohùn rẹ lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì bẹ̀rẹ̀ eré.

Ẹ̀yìn ère ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Iwájú ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ láti ya fọ́tò, wọn kì í sì í rí gbòǹgbò. Alison Saar, ẹni tó ṣe ère tí wọ́n ṣí ní 2008 yìí, fi gbòǹgbò ńlá sẹ́yìn yẹ̀rì rẹ̀: bó ṣe ń rìn lọ ló ń fa oko ẹrú tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Lẹ́yìn náà kí ẹ sún mọ́ yẹ̀rì fúnra rẹ̀. Ojú èèyàn ló kún ara rẹ̀, pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àti ṣẹkẹṣẹkẹ. Àwọn tó bá a sá nìyẹn. Ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ojú kan, kó yà á sínú ìwé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ère yẹn ti ń sọ̀rọ̀ jù lójú tèmi.

Ní ìdí ère, wọ́n to àwòrán idẹ yí òkúta ká, àwọn kan jẹ́ ìtàn ayé rẹ̀, àwọn yòókù jẹ́ bátànì kúbùsù tí wọ́n ń fi ègé aṣọ rán pọ̀. Ṣọ́ra níbí. Ẹnìkan á sọ pé kúbùsù ni wọ́n fi ń pààrọ̀ àmì àṣírí lójú ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Sọ fún wọn pé bátànì wọ̀nyí ní orúkọ, bí ti àdìrẹ wa, kí o dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn kékeré á tún béèrè ibi tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ (Underground Railroad), tí wọ́n ní àwọn ẹrú fi sá, wà. Kò sí ọkọ̀, kò sí ihò. Àwọn èèyàn tó ń fi ilé wọn pa olùsá mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó le jù ni èyí: kí ló dé tó kọjú sí gúúsù? Àwọn ará Harlem kan fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yí i sí àríwá, torí àríwá ni òmìnira wà. Má fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Ní 1849 ló sá kúrò ní Maryland lọ sí Pennsylvania, ó sì ti bọ́. Ṣùgbọ́n ó padà sí gúúsù, níbi tí oko ẹrú wà, bí ìgbà 13, láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó sì kó èèyàn bí 70 jáde. Ìgbà òtútù ló fẹ́ràn, torí òru gùn. Alẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbéra, torí olówó ẹrú kò lè gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn títí di Mọ́ńdè. Oògùn oorun ni wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ kó má baà ké. Lẹ́yìn òfin 1850, tó ní kí wọ́n dá ẹrú tó bá sá padà fún olówó rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i ní Amẹ́ríkà, Pennsylvania pàápàá kò fọkàn ẹni balẹ̀ mọ́, Kánádà ló ń kó wọn dé.

Wọn á ní èèyàn 300 ló kó jáde. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ló sọ iye yẹn di púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn á ní $40,000 ni wọ́n fi lé orí rẹ̀ fún ẹni tó bá mú un. Ìkéde 1849 tó wà lọ́wọ́ sọ $300, fún òun àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ méjì. Bí o bá fẹ́ iye tó ga, mú ti odò Combahee ní South Carolina, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 2 Oṣù Kẹfà 1863: ó bá àwọn ọmọ ogun ìjọba Àríwá lọ, ẹrú tó lé ní 700 sì wọ ọkọ̀ ojú omi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi sẹ́nu rẹ̀, pé òun ì bá gba ẹgbẹ̀rún ẹrú sí i sílẹ̀ ká ní àwọn ẹrú náà mọ̀ pé ẹrú ni wọ́n, má kà á síta rárá. Kò sí ẹ̀rí pé ó sọ ọ́, ó sì ń bú àwọn tí wọ́n dè.

Má sọ ọ́ di ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fẹ́ tiwa, Carlota Lucumí, obìnrin ẹrú kan ní Kúbà, ni kí o dárúkọ. Lucumí ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Ó wà lára àwọn tó léwájú ọ̀tẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà Triunvirato, ní Matanzas, ní 5 Oṣù Kọkànlá 1843, ère rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lónìí.

Bí ẹyẹ bá ti yàgbẹ́ sára ère, ẹ má fi ọṣẹ tàbí ohun ìdán-idẹ nù ún. Ohun ìdán-idẹ máa ń bó àwọ̀ ara idẹ, ojò á sì rí ọ̀nà jẹ ẹ́. Ẹ ṣa ìdọ̀tí ilẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ rẹ̀.

Kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí o sì mú pẹ́ńsùlù dání; inki bírò máa ń dì nínú òtútù. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ