Ẹ wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó ra ìpín ayánilówó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lẹ́tà òǹkàwé yín kan láti Manchester, tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, ló ní kí n gbé kálámù. Ọ̀gbẹ́ni náà ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun tún ti ń ṣọ́ ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yá mẹ̀kúnnù lówó lójúlé dé ojúlé, torí pé èrè tí wọ́n ń pín fún onípìn-ín dùn mọ́ àpò. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Provident Financial, ọ̀kan nínú àwọn ayánilówó ojúlé yìí, lọ́dún 2017, nígbà tí iye ìpín rẹ̀ já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àgbákò lásán ni, irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbà. Mi ò ní ìpín kankan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ dárúkọ, mi ò sì bá wọn ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n Bradford tí Provident ti bẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbé, mo sì máa ń ka ìròyìn ọdọọdún wọn bí ẹlòmíì ṣe ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù.

Ọdún 1880 ni Joshua Waddilove dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ló ń fún ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n fi ra oúnjẹ, aṣọ àti èédú ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wá máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó bá wá gbà á nílé. Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé irú òwò yìí fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn baba wa tó ṣe òṣómàáló kó aṣọ dé Ìbàdàn, wọ́n kó o dé Ìlọrin, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Aṣọ kọ́ ló gbé òwò yẹn ró, èlé orí rẹ̀ náà kọ́. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n tà á fún. Wọ́n mọ ìgbà tí kòkó rẹ̀ máa dé ìsọ̀, wọ́n mọ ilé àna rẹ̀ tó bá fẹ́ sá.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn agbowó Provident ṣe rí. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àdúgbò kan náà ni wọ́n ń bá àwọn oníbàárà gbé, ọ̀pọ̀ ló sì ń lo àṣálẹ́ fún iṣẹ́ náà. Wọn kì í gba owó oṣù. Owó tí wọ́n bá gbà padà ni wọ́n ń bù fún wọn nínú rẹ̀, kì í ṣe owó tí wọ́n bá yá jáde, ọgbọ́n ńlá sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ pé ìyá kan kò ní lè san kò ní yá a. Èlé owó náà ga bí òkè Olúmọ, tí a bá ṣírò rẹ̀ sí ti ọdún kan, ó ju ìdá 500 nínú 100 lọ. Síbẹ̀ kò sí owó ìtanràn fún ẹni tó bá fo ọ̀sẹ̀ kan. Iye tó máa san ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gba owó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń ṣílẹ̀kùn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn máa fòpin sí ètò yẹn. Àwọn agbowó tó dá dúró tí wọ́n tó 4,500 máa lọ, òṣìṣẹ́ olówó oṣù bíi 2,500 ló máa gbaṣẹ́ wọn, kọ̀ǹpútà ló sì máa máa sọ ilé tí wọ́n á kàn àti wákàtí tí wọ́n á dé ibẹ̀. Lórí ìwé, ó mọ́gbọ́n dání. Owó ìṣiṣẹ́ máa dínkù, àjọ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìṣúná, FCA, á rí àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá sọ fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ní oṣù bíi mélòó kan kí ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ wọn ń lọ. Ta ló máa sáré gba owó fún ẹni tó fẹ́ lé e? Ọ̀pọ̀ ti kó àpò wọn lọ sọ́dọ̀ Morses Club àti Loans at Home, àwọn ayánilówó ojúlé tó ń bá Provident du ọjà, àwọn oníbàárà sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje, sọ́fítíwíà tó ń to ìrìn àwọn òṣìṣẹ́ kò ṣe bó ṣe yẹ, àjèjì sì lẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ, wọ́n jẹ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti ń gba ìdá 90 nínú 100 owó tó yẹ ní 2016, ìdá 57 ni wọ́n ń rí gbà. Wọ́n fagi lé èrè tí wọ́n fẹ́ pín, ọ̀gá àgbà wọn, Peter Crook, fipò sílẹ̀, wọ́n tún sọ pé FCA ń wádìí ọjà kan tí Vanquis, báǹkì tó wà lábẹ́ wọn, ń tà fún àwọn tó ní káàdì rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdá 66 nínú 100 iye ìpín náà ti pòórá.

Ọ̀gbẹ́ni Manchester, ẹ wo oṣù tó wà láàárín oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kẹjọ. Ṣé àgbákò máa ń fi ìwé ránṣẹ́ ṣáájú bẹ́ẹ̀? Ìkìlọ̀ kan tiẹ̀ ti jáde ní oṣù kẹfà. Ohun tí àwọn onípìn-ín kéékèèké ń bá ara wọn sọ nígbà yẹn ni pé Neil Woodford, gbajúmọ̀ tó ń bá àwọn ènìyàn fi owó dókòwò, àti ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Invesco ló ní ìpín tó pọ̀ jù, pé ilé-iṣẹ́ tó wà nínú 100 tó tóbi jù ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣubú. Wọ́n ń wo ẹni tó jókòó tì wọ́n lórí ìjókòó, wọn ò wo awakọ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹfà 2019, àpò ìdókòwò Woodford gan-an ni wọ́n tì pa tí ẹnikẹ́ni ò lè yọ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan rí owó níbẹ̀. Ní 2018, nígbà tí Provident yanjú ọ̀rọ̀ Vanquis pẹ̀lú FCA, tí wọ́n sì ní kí àwọn onípìn-ín tún dá mílíọ̀nù 331 pọ́n-ùn, ìpín náà fò sókè gidigidi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó rà á lówùúrọ̀ á ti jó. Tẹ́tẹ́ nìyẹn, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n kí a má pè é ní ìdókòwò.

Ọ̀gbẹ́ni Manchester ní irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù karùn-ún 2021, Provident kéde pé àwọn ń jáwọ́ nínú yíyá owó lójúlé, òwò ọdún 141. Loans at Home wó ní 2022. Morses Club, tó wọ AIM, ọjà ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2016, tó dà bíi pé ó jogún gbogbo oníbàárà Provident, òun náà wó ní 2023. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló pa àwọn wọ̀nyí. Ẹ̀sùn àwọn oníbàárà ni: pé wọ́n yá àwọn lówó tí agbára àwọn kò ká, pé kí wọ́n tó san ọ̀kan tán ni wọ́n ti fi òmíràn lé e lórí.

Ibí yìí gan-an ló dùn mí jù nínú lẹ́tà náà, torí pé ọ̀gbẹ́ni náà fi ìdùnnú kọ ọ́ pé oníbàárà wọn kì í lọ, ó máa ń padà wá yá. Gbogbo àwa tí a ń ka ìròyìn ọdọọdún la máa ń fi ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn pé ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yá, tó ń san, tó tún ń yá fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun kan náà ni agbẹjọ́rò wá kó ìwé rẹ̀ jọ tó pè é ní ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn ni Provident yà sọ́tọ̀ fún wọn, ilé-ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n pín in, pẹ́ńsì díẹ̀ ló kan pọ́n-ùn kan tí wọ́n jẹ wọ́n. Onípìn-ín kò jèrè, ẹni tó yá owó náà kò rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà.

Ilé-iṣẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni náà ń yìn jù ni International Personal Finance, èyí tí Provident bí, tó sì dá dúró ní 2007, tó ń ṣòwò ní Poland, Hungary, Romania, Czech àti Mexico. Mi ò sọ pé kò dára. Ó ṣì ní àwọn aṣojú tó ń lọ sílé oníbàárà, ó sì ti rí i tí ìjọba Poland dín iye tí ayánilówó lè gbà kù ní ìparí 2022. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo lẹ́tà náà, iye ìpín àti èrè orí rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ìbéèrè mi rèé: mélòó nínú àwọn aṣojú wọn ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Nínú ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn tó ń wọlé fún wọn, èló ni wọ́n ń yọ sọ́tọ̀ fún gbèsè tí kò ní wọlé mọ́, ṣé ó ń lọ sókè àbí sísàlẹ̀? Àwọn ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á ti wá ìdáhùn wọn nìyẹn. Tí ó bá ti wá a rí, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Bradford