Ẹ yé bi mí pé ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú ìwé ìfẹ́

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mi ò kì í kọ̀wé sí yín, kíkà ni tèmi, ṣùgbọ́n lẹ́tà bàbá kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní àgbàlagbà tó bá jókòó ti nọ́fẹ̀ẹ̀lì ìfẹ́ àti ìtàn dírágónì, ọwọ́ ẹ̀ ló dilẹ̀, wọ́n wá béèrè nísàlẹ̀ pé ẹ̀kọ́ wo gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kí wọn, mi ò bá wọn jà, wọ́n ju ẹni tí mo lè bá jà lọ, àmọ́ ìbéèrè yẹn ló ká mi lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bi mí. Ìyá mi bi mí, tíṣà bi mí, bàbá àwọn ọmọ mi náà bi mí nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, mo wá di ẹni ọdún 52, mo fowó ara mi ra ìwé ìròyìn, ìwé ìròyìn náà tún ń bi mí.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ìwé ìfẹ́ kan wà tó ń tọwọ́ ọmọ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíì ní kíláàsì wa, ó ti gbó débi pé páálí iwájú àti tẹ̀yìn ẹ̀ ti já dànù, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Obìnrin kan tó ń tún aago ṣe ló wà nínú ẹ̀. Ọkùnrin kan gbé aago bàbá ẹ̀ tó ti kú wá fún un, ó tú u, ó bá bébà kékeré kan tí wọ́n ká sábẹ́ ìdérí ẹ̀, ó kà á, kò sì sọ fún ọkùnrin náà. Ìfẹ́ wá wọ ọ̀rọ̀ wọn, bébà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ọkùnrin yẹn ò pariwo o, ó gbé aago ẹ̀, ó ka owó iṣẹ́ sórí tábìlì, ó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ibi tí mo dé nìyẹn tí tíṣà fi já ìwé gbà lọ́wọ́ mi. Ó ku ojú ewé 14. Ó dá mi lójú torí mo ti ń ka iye tó kù, mi ò fẹ́ kó tán. Wọn ò dá a padà títí mo fi jáde níbẹ̀.

Ẹni tí ò ka irú ìwé yìí rí á ní kí ló wá le níbẹ̀, ṣebí wọ́n á padà fẹ́ra wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìwé ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé nǹkan méjì ló ń sọ ìwé di romance, kí ìfẹ́ jẹ́ òpó tó gbé gbogbo ìtàn ró, kí òpin ẹ̀ sì tẹ́ni lọ́rùn, kí ó fúnni nírètí. Tí ẹnì kan bá kú lójú ewé tó kẹ́yìn, ìtàn náà lè dáa gan-an, ó lè pa èèyàn lẹ́kún, àmọ́ kì í ṣe romance. Ìyẹn ni pé àdéhùn ti wà láàárín èmi àti òǹkọ̀wé kí n tó ṣí ìwé. Ta ni ò mọ̀ pé Ìjàpá máa tẹ́ níkẹyìn? Síbẹ̀ tí wọ́n bá ti ní àlọ́ o, a ti dáhùn. Ohun tí mò ń wá ni ọ̀nà tí wọ́n máa gbà débẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ṣé ọkọ̀ ojú irin yẹn ló padà, àbí obìnrin yẹn ló tì ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó tẹ̀ lé e? Kí ló sọ nípa bébà yẹn? Ohun tí tíṣà gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní irú kan tí wọ́n ń pè ní slow burn, èmi ń pè é ní iná abẹ́ eérú, òun ni mo fẹ́ràn jù. Lóṣù tó kọjá mo ka ọ̀kan tí ọkùnrin àti obìnrin inú ẹ̀ ti ń bú ara wọn láti orí kìíní títí dé orí kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ burúkú ni ṣá, wọn ò lè jókòó sí yàrá kan náà. Ní orí kẹwàá wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n tún ti ń jà, ọkùnrin yẹn wá rí i pé obìnrin yẹn ń fa apá aṣọ ẹ̀ bo ọwọ́ nítorí òtútù. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ ti fèrèsé, ó padà wá jókòó, ó ń bá ìjà ẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan o. Kò fọwọ́ kàn án, kò sọ pé mo fẹ́ràn ẹ, fèrèsé ló tì. Mo gbé ìwé lé àyà, mo dúró díẹ̀ kí n tó lè tẹ̀ síwájú. Ẹni tó lè kọ irú ìlà yẹn ti ṣiṣẹ́ gidi, bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ó rọrùn, kó jókòó kó kọ ọ́ wò.

Ní ti fantasy, ìyẹn ìtàn ayé tí ẹnì kan jókòó dá sílẹ̀ látorí odò títí dórí òfin, bàbá yẹn ní nǹkan òyìnbó ni. Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún 1937 ni The Hobbit, ìwé òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Tolkien, tó ní dírágónì nínú òkè, jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1938 ni Fágúnwà tiwa gbé ọdẹ wọ igbó irúnmalẹ̀. Ọdún kan péré. Ta ló wá kọ́ ta?

Máàpù ni mo kọ́kọ́ máa ń wò tí mo bá ṣí ìwé fantasy tuntun. Mo máa ń fi ìka tọ odò ẹ̀ láti orí òkè títí dé òkun, mo máa ń wá ìlú kékeré tí wọ́n kọ sí ìgun bébà lọ́hùn-ún tí kò sí ọ̀nà kankan tó lọ síbẹ̀, mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ là ń lọ. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ewé 50 àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí, orúkọ ń takókó, mi ò mọ ọba, mi ò mọ ìjòyè, mi ò mọ ìdí tí wọ́n ò fi ń dárúkọ odò yẹn lálẹ́. Lẹ́yìn náà láìmọ̀ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, mo ti di ọmọ onílẹ̀, ẹnì kan á dárúkọ odò yẹn lálẹ́, èmi tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi ni àyà mi á já. Adùn tí mò ń sọ nìyẹn, mi ò tíì rí nǹkan míì tó ń ṣe é fún mi.

Idán tí ò náni ní nǹkan kan ò dùn, ìyẹn náà ni kí n sọ. Mo ka ọ̀kan tí ọmọbìnrin kan ń wo ọgbẹ́ sàn, ṣùgbọ́n gbogbo ọgbẹ́ tó bá jinná lọ́wọ́ ẹ̀, ìrántí kan ló ń bá a lọ. Ọjọ́ tó wá kan àbúrò ẹ̀, kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ náà, ó jókòó síbi ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ń ṣírò iye ìrántí tó kù tó ní nípa àbúrò yẹn, èyí tó lè yọ̀ǹda àti èyí tí kò lè yọ̀ǹda. Mo sunkún. Àgbàlagbà ni mí, mo sunkún, ojú ò sì tì mí.

Báyìí wọ́n ti lu romance àti fantasy pọ̀, romantasy ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọ̀kan nínú wọn jáde, ìwé kẹta nínú ìtàn àwọn tó ń gun dírágónì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 ló tà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣé gbogbo àwọn yẹn lọwọ́ wọn dilẹ̀?

Mi ò ní kí gbogbo ẹ̀ dáa o. Torí pé ọjà ń yá, wọ́n ti ń sáré kọ ọ́, èmi tí mò ń kà á sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ máa rí dírágónì tí ò ní òórùn, tí ò jẹun, tí ò rẹ̀ ẹ́ rí, bí ọkọ̀ lásán ni wọ́n ń gùn ún. Ẹ máa rí ọmọbìnrin tí wọ́n ní ó gbọ́n, wọ́n ní ó láyà, àmọ́ láti ojú ewé kìíní títí dé 400 kò pinnu nǹkan kan fúnra ẹ̀, ọkùnrin ló ń gbé e kiri. Ìtàn tó yẹ kó jẹ́ ìwé kan wọ́n á fà á di mẹ́ta, kí èèyàn lè rà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí mo bá ti dé ojú ewé 60 tí ọ̀rọ̀ ò tíì wọ̀ mí lára, mo máa ń pa á dé ni, mi ò kì í fipá ka ìwé mọ́, ìwé tí mò ń kà fún ìgbádùn kì í ṣe ẹrù tí wọ́n dì fún mi.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwòrán iwájú ìwé. Wọ́n á ya kàtúùnù aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé, ọmọkùnrin kan ọmọbìnrin kan tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra, àfi bí ìwé ọmọdé, ẹ ṣí i, ọ̀rọ̀ yàrá lọ́kọláya ló kún inú ẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má kọ ọ́, àgbàlagbà ni mí, ara wa kọ́ ni ìfẹ́ ń bá sọ̀rọ̀? Àmọ́ ẹ kọ ọjọ́ orí síwájú ẹ̀ kó hàn gbangba. Ọmọ ọdún 12 kan nínú ẹbí wa ti gbé irú ẹ̀ délé láti láíbìrì, ìyá ẹ̀ tiẹ̀ ń yìn ín pé ó ń kàwé. Níbi tó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, mo gbà fún bàbá yẹn pátápátá.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ẹ̀kọ́. Nígbà kan ara bàbá àwọn ọmọ mi ò yá, ọjọ́ 23 la lò lọ́sibítù, èmi lórí àga onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo ka ìwé mẹ́ta tó sanra lórí fóònù mi níbẹ̀, mo máa ń rẹ iná fóònù sílẹ̀ kó má bàa tàn sójú wọn. Mi ò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ níbẹ̀. Ìwé yẹn kàn bá mi jókòó ni. Láàárín aago méjì òru sí márùn-ún, nígbà tí nọ́ọ̀sì ò sí nítòsí tí èrò burúkú sì ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní ibòmíì tí mo lè wà. Lójúmọmọ mo máa ń sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún wọn kí ọkàn wọn lè kúrò lára ìrora. Lóru ọjọ́ kan mo rò pé wọ́n ti sùn, ohùn wọn kàn jáde nínú òkùnkùn pé, ọmọ tó ń gun dírágónì yẹn ńkọ́, kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn tí wọ́n bi mí lọ́dún tá a fẹ́ra pé ẹ̀kọ́ wo ni mò ń rí kọ́! Mo ka orí kan àtààbọ̀ sí wọn létí lóru yẹn, mò ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ, dírágónì di ejò abìyẹ́, ibi tí mi ò bá ti rí ọ̀rọ̀ lò mo máa ń fọwọ́ júwe ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè rí ọwọ́ mi. Ara wọn ti yá báyìí, a dúpẹ́, wọ́n ṣì máa ń bi mí.

Ẹ̀yin olóòtú, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún nìyí. Kò yẹ kí n máa túmọ̀ ẹ̀ lórí àga onírọ́bà. Ìwé ìròyìn Yorùbá ti gbé irú ìtàn ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní Yorùbá rí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní 1929, lẹ́tà ni I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá nínú ẹ̀, bó ṣe ń jáde nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí wọ 1930, lẹ́tà bí èyí tí mò ń kọ yìí, obìnrin tó ń ròyìn ìfẹ́ ayé ẹ̀ fún olóòtú. Ẹ fún wa ní igun kan nínú ìwé ìròyìn yín, kó má tóbi, ìdajì ojú ewé náà tó. Kí ẹnì kan máa sọ fún wa nípa ìwé ìfẹ́ àti fantasy tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kó sọ èyí tó dùn, èyí tó kàn gùn lásán, èyí tọ́mọdé ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kó sì má sọ òpin ẹ̀ fún wa. Tí ẹ bá sì rí ọ̀dọ́ tó lè kọ ìtàn ìfẹ́ tuntun ní Yorùbá, tí ìjà wà nínú ẹ̀, tí ẹnì kan dìde lọ ti fèrèsé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa gbé e jáde díẹ̀díẹ̀, mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ ọ̀sẹ̀ kan nù.

Ohun kan tó kù. Tí òǹkàwé yín kankan bá ti ka ìwé obìnrin tó ń tún aago ṣe yẹn rí, tí bébà wà lábẹ́ ìdérí aago, tí ọkùnrin ka owó sórí tábìlì kó tó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, kó jọ̀ọ́ kó kọ̀wé sí yín, kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú ewé 14 ló kù. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín látọjọ́ pípẹ́